Ìdí Tí Mo Fi Pọn Iṣu Nílé Rẹ ní Bódìjà

Abúlé Adéyẹmọ,
lọ́nà Mọ́níyà,
Oṣù Kẹwàá, 1996.

Gbádérọ̀ ọmọ mi,

Àsàlámù aléékù. Mo kí ọ, mo kí Safiyyah ìyàwó rẹ, mo kí Ṣemílóore ọmọ yín ní yunifásítì tó ti ń kàwé. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí mọ́tò rẹ yọnu lójú títì, kò ní jẹ́ kí ọ̀gá rẹ ní Sẹkitéríàtì bínú sí ọ, kò sì ní jẹ́ kí omi tó ń jáde lára ògiri yín gbẹ. Ṣe àmín kí o tó kà á síwájú. Túnráyọ̀ aránṣọ, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tèmi, ló ń bá mi kọ ọ́. Ó ní lẹ́tà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pé inú mi dùn láti kọ ìwé yìí sí ọ. Mo ní kí ó fi ìyẹn sílẹ̀, o mọ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀, o máa rò pé ẹlòmíràn ló kọ ọ́.

Bándélé awakọ̀ ti jíṣẹ́ tí o rán an. Ó ní o ní ò ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé láti wá gbé mi padà sí Bódìjà, kí n ti di ẹrù mi sílẹ̀, pé ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́ kò gbọdọ̀ dá gbé ní abúlé. Ó ní bí o ṣe ń sọ ọ́ ni ò ń fọwọ́ lu ilẹ̀kùn mọ́tò òun, kí n bá òun bẹ̀ ọ́, kì í ṣe òun ló ṣẹ̀ ọ́. Mo ti gbọ́. Ohun tí èmi fẹ́ ni kí n dúró sí ilé mi. Ẹsẹ̀ mi ń gbé mi. Ọ̀rọ̀ inú ìwé yìí kò ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n n ó ṣàlàyé bó ṣe jẹ́, nítorí o kò jẹ́ kí n ṣàlàyé nígbà tí a jọ wà lójú kan.

Ilé dára. Ewúrẹ́ mi, èyí tó dúdú, ti bí akọ méjì. Ìjì ká páànù kan lórí ilé Àyàndìran, ó gbé e lọ sórí igi ọsàn mi. Àyàndìran gun igi náà láti lọ mú páànù rẹ̀, ó sì wà níbẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀, ó ní òun ṣì ń wo bí òun ṣe máa tú u, èèpo ọsàn sì ń já bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Túnráyọ̀ ní kí a fi ìwé yìí ránṣẹ́ láti ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Mọ́níyà, pé wọ́n á lẹ àwòrán kékeré kan mọ́ ọn, òun ni yóò gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ó fi ọ̀kan hàn mí, ẹja ni wọ́n yà síbẹ̀. Mo ní ẹja wo ló mọ ọ̀nà Bódìjà. Bándélé ni n ó fi rán.

Ó yá, gbọ́. Nígbà tí mo ṣubú létí odò lásìkò òjò, tí orókún mi wú, o wá gbé mi lọ sílé rẹ. O ṣe dáadáa. Dókítà tọ́jú orókún náà, ó san. Àṣìṣe tó wà níbẹ̀ ni pé nígbà tó san tán, ẹ kò jẹ́ kí n dìde. Bí mo bá ti gbé ìdí sókè báyìí, ẹ ó pariwo pé Màmá, ẹ jókòó, bí ẹni pé ejò ni mo fẹ́ tẹ̀. Omi ń jáde lára ògiri, n kò gbọdọ̀ pọn ọ́n. Iná ń jáde nínú agolo, n kò gbọdọ̀ ṣẹ́gi. Mọ́sáláṣí tí mo ń gbọ́ ikọ́ lèmọ́mù ibẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì mi, mọ́tò lẹ fi ń gbé mi lọ síbẹ̀. Ilé ìgbẹ́ yín gan-an, àga ni. Mo kúrò lórí àga, mo bọ́ sórí àga, títí òjò fi fẹ́ dá.

Lọ́jọ́ kan mo ń fi òrí pa ẹsẹ̀, mo wá rí i pé orókún mi ti tóbi ju itan mi lọ. Itan tí mo fi ń gun òkè oko pẹ̀lú agbọ̀n ẹ̀gẹ́ lórí ti rọ bí àpò tí wọ́n ti kó ẹ̀wà inú rẹ̀ tán. Mo pè ọ́ wá wò ó. O ní Màmá, ọjọ́ orí ni. Mo ní tó bá jẹ́ ọjọ́ orí ni, kí ló dé tí ẹnu mi kò rọ? O lọ tan tẹlifíṣọ̀n fún mi.

Tẹlifíṣọ̀n yẹn náà ló kó mi yọ. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni, Ṣemílóore wá kí wa láti Agbowó tó ń gbé, a jọ jókòó. Mo ṣàdédé rí òyìnbó kan tí wọ́n fi rọ́bà dè ní èjìká àti ní ìbàdí, tó ń sáré lórí bẹ́líìtì kan bíi ti ẹ̀rọ ìlọta. Ó ń sáré, kò dé ibì kankan. Òógùn bò ó. Mo ní olè ni, àbí? Bí wọ́n ṣe ń fìyà jẹ olè nílùú wọn nìyẹn? Ṣemílóore ní rárá o, Màmá àgbà, ọ̀mọ̀wé gidi ni. Mo ní ta ló wá dè é? Ó ní òun ló de ara rẹ̀. Kí n tó sọ̀rọ̀, òyìnbó kejì gba orí èyí tó ń sáré kọjá, ó ń lúwẹ̀ẹ́, kò sì sí omi níbẹ̀. Mo pariwo. Ṣemílóore ní kí n fọkàn balẹ̀. Mo kí wọn kú iṣẹ́, kò sí ẹni tó dá mi lóhùn. Òyìnbó kò kọ́ ọmọ wọn ní ìkíni.

Ọmọ rẹ wá ṣàlàyé, ó sì fara balẹ̀ ṣe é, mo gbóríyìn fún un. Ó ní ilé kan wà tí àwọn ará Rọ́ṣíà kọ́ sókè tó ga ju ìkúukùu lọ, tó ń yí gbogbo ayé ká láìdúró. Ó ní ilé náà àti àwọn tó wà nínú rẹ̀ jọ ń já bọ̀ ni, ṣùgbọ́n eré tí wọ́n ń sá yí ayé ká pọ̀ débi pé wọn kì í balẹ̀, ìdí nìyẹn tí ohunkóhun kì í fi wúwo lọ́wọ́ wọn. Ìyẹn kò yé mi, mo fi sílẹ̀ fún un. Èyí tó yé mi ni pé bí o bá gbé àpò sìmẹ́ǹtì kan dé ibẹ̀, ìka kan ni o fi máa tì í lọ. Mo ní àti odó? Ó ní àti odó. Mo ní báwo ni wọ́n ṣe máa gúnyán? Ó rò ó títí, ó ní bí ẹnìkan bá gbé ọmọ odó lu iṣu níbẹ̀, ẹni náà ni yóò fò lọ sókè àjà. Mo rẹ́rìn-ín títí ikùn fi dùn mí.

Mo bi í pé báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe àlùwàlá. Ó ní omi kì í dà sílẹ̀ níbẹ̀, ńṣe ló máa ń ká ara rẹ̀ jọ róbótó bí ẹyin, tí á máa fò kiri inú yàrá. Mo ní tí àkókò ìrun bá tó, tí ilé wọn sì ń yí, ìhà wo ni wọ́n máa kọjú sí? Kò mọ̀. Mo bi ááfà tó ń wá kí wa ní Bódìjà, òun náà kò mọ̀, ó ní òun á béèrè, láti ọjọ́ náà kò gba iwájú ilé yín kọjá mọ́. Bá mi wádìí rẹ̀. Wádìí pẹ̀lú bí wọ́n ṣe ń sùn tí bẹ́ẹ̀dì kì í fi yà kúrò lẹ́yìn wọn, àti bóyá ọmọ tí wọ́n bá bí síbẹ̀ lè mọ ìrìn. Ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa.

Mo wá padà sórí èyí tó ń sáré. Mo ní bí ohunkóhun kò bá wúwo, inú ìgbádùn ni wọ́n wà, kí ló ń lé e? Ṣemílóore ní ìgbádùn náà ló ń lé e. Ó ní bí ẹsẹ̀ kò bá ti gbé ohun kan, tí kò gbé ara ẹni pàápàá, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé kí ni mo ń bọ́ ẹran itan yìí fún, á sì jẹ́ kí ó máa yọ́ lọ. Ẹran itan, ti ojúgun, ti ẹ̀yìn, ó ní títí kan egungun. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń de ara wọn mọ́ ẹ̀rọ náà lójoojúmọ́, kí rọ́bà lè máa fà wọ́n sílẹ̀, kí ẹsẹ̀ lè rí ohun tẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n ń wa kẹ̀kẹ́ tí kò ní táyà. Wọ́n ń na rọ́bà lọ́wọ́ bí ẹni tó fẹ́ ya ẹ̀ka igi. Ó ní àwọn ará Rọ́ṣíà tún ní aṣọ kan tí wọ́n rán rọ́bà sínú rẹ̀, tó ń fa ara sílẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, débi pé kí ènìyàn nàró nínú rẹ̀ lásán, iṣẹ́ ni. Ibí yìí ni Túnráyọ̀ ti gbé bírò sílẹ̀, ó ní irú òwú wo ni wọ́n fi rán rọ́bà mọ́ aṣọ tí kò já? Mo ní ìyẹn kọ́ ni a ń sọ. Ó ní kí n ṣáà bá òun béèrè. Bá a béèrè.

Ṣemílóore ní ọkùnrin kan gbé ibẹ̀ ju ọdún kan lọ, kò sì yé fi ara ṣiṣẹ́, nígbà tí wọ́n sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dìde. Mo wo ẹsẹ̀ mi lórí tìmùtìmù. Mo ní Ṣemílóore, bí èmi náà ṣe rí nìyẹn, ẹ ti gbé mi lọ sókè. Ó rẹ́rìn-ín. N kò rẹ́rìn-ín.

Mo ní kí ó bá mi ra rọ́bà tí wọ́n fi ń di ẹrù mọ́ ọ̀kadà, ní ọ̀dọ̀ àwọn tó ń lẹ táyà lẹ́bàá ọjà Bódìjà. Mo so ó mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, mo gbé ìyókù kọ́ èjìká bí mo ṣe rí i, mo sì dìde. Bẹ́ẹ̀dì tẹ̀lé mi. Safiyyah sáré wọlé, ó ní kí ló wó. Mo ní kò sí ohun tó wó, ilẹ̀ yín ló ń yọ̀. Lẹ́yìn náà mo jókòó rò ó. Àwọn tọ̀hún ń fi rọ́bà de ara wọn nítorí pé kò sí ẹrù tó wúwo lọ́dọ̀ wọn. Èmi wà ní ilẹ̀ ayé tí iṣu ṣì wúwo. Rọ́bà ṣe jẹ́ tèmi? Iṣu kún ilé ìdáná yín. N kò lè gbé e lé orí nítorí ọrùn, n kò lè gbé e lọ́wọ́ nítorí mo gbọ́dọ̀ di ògiri mú. Ó kù ẹ̀yìn. Mo mú ọ̀já, mo pọn iṣu méjì, mo da ìborùn bò ó nítorí òtútù, mo sì ń yí ilé rẹ ká lẹ́yìn ìrun àṣùbáà tí ẹ ṣì ń sùn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ n kò yí i ká tán. Nígbà tó yá mo ń yí i ká, mo tún ń padà. Mo fi ẹ̀kẹta kún un. Ògiri tí mo ń dì mú, mo fi í sílẹ̀.

Ìyá Akínbíyì, obìnrin tíṣà yunifásítì ará Ọ̀wọ̀ tí ògiri rẹ̀ pààlà pẹ̀lú tiyín, ń gbá àgbàlá rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó rí mi. Ó ní ẹ káàárọ̀ Màmá, ọmọ ta lẹ pọ̀n yẹn? Mo ní kì í ṣe ọmọ, iṣu ni. Iṣu náà fẹ́ máa yọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, mo gbọ̀n ọ́n sókè bí a ti ń gbọn ọmọ, mo sì ń bá tèmi lọ. Ó dúró pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, kò gbá ilẹ̀ mọ́. N kò mọ̀ pé ó lọ bá Safiyyah, ó ní ìyá ọkọ rẹ ń fi iṣu bú ọ o, ó ń sọ fún gbogbo àdúgbò pé nígbà tí o kò rí ju ọmọ kan bí, iṣu ni òun ń pọ̀n.

Èmi kò mọ nǹkan kan. Mo kàn rí i pé oúnjẹ ń dé láìsí ọ̀rọ̀. Ìyàwó rẹ á gbé e kalẹ̀, á kúnlẹ̀, á dìde, ojú rẹ̀ á wú. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni ìwọ wọlé pẹ̀lú táì lọ́rùn, o ní Màmá, kí ni Safiyyah ṣe fún yín? Mo rò pé nítorí iṣu tí mo ń mú ní ilé ìdáná ni. Mo ní mo ti dá gbogbo wọn padà, kò sí èyí tó bàjẹ́ níbẹ̀. O pariwo. O ní mo tún ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́. O gba ọ̀já, o ti ilé ìdáná, o ní n kò mọ ohun tí mo ń ṣe mọ́, o máa mú mi lọ rí dókítà tó ń tọ́jú orí. Mo ní ẹsẹ̀ ló ń dùn mí, kì í ṣe orí. O ti jáde.

Ṣemílóore ló wá là mí lóye nígbà tó dé. Mo ní kí ó pe ìyá rẹ̀ wá. Safiyyah wá, ó kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Mo ní wọlé. Mo ní bí mo bá fẹ́ bú ọ, ẹnu ni n ó fi bú ọ, n kò ní máa ru iṣu kiri. Ó mọ̀ pé òótọ́ ni, nítorí mo ti fi ẹnu bú u rí. Mo ní gbé ọwọ́ rẹ lé itan mi. Ó gbé e. Ó tẹ̀ ẹ́, ó le. Òun ló ń wẹ ẹsẹ̀ yẹn fún mi láti ọjọ́ tí mo ti dé, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n jù ú lọ. Ó ní Màmá, ẹsẹ̀ yín rèé? Mo ní tèmi ni, n kò yá a. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí gèlè fi bọ́ lórí rẹ̀, ó sì tún sunkún díẹ̀, mo jẹ́ kó sun ún. Nígbà tó nu ojú tán, ó ní kí ni mo fẹ́. Mo ní ilé mi.

Òun ló sìn mí, kí o mọ̀ báyìí kí o má máa wá ẹni tí wàá bá jà. O ti lọ síbi iṣẹ́. A rìn láti ilé rẹ dé ẹ̀gbẹ́ ọjà, ó ń rìn lẹ́yìn mi, kò rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó fẹ́ rí i bóyá mo máa ṣubú. N kò ṣubú. A wọ kábù dé Òjóò, a wọ òmíràn dé Mọ́níyà, Bándélé sì gbà mí lọ́wọ́ rẹ̀. Bí o bá bá Safiyyah jà nítorí èyí, o bá èmi jà nìyẹn.

Láti ìgbà tí mo ti dé, kékeré kékeré ni mo ń pọn omi, mo ń lọ sí oko ẹ̀gẹ́, mo ń dúró sinmi. N kò ní purọ́ fún ọ, orókún ń ké tí mo bá ń gun òkè. Jẹ́ kó ké. Ó ṣáà ń gùn ún.

Ọ̀rọ̀ kan wá kù, òun ni mo sì ti ń rò láti ọjọ́ tí mo ti rí òyìnbó yẹn lórí bẹ́líìtì. Lọ́jọ́ Iléyá tó kọjá, tí o wá kí mi níbí, o dọ̀bálẹ̀ bí ọmọ gidi. Ìgbà tí o fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ àga ni o dì mú, o fà á, o mí bí ẹni tó ru àpò gàrí. N kò sọ̀rọ̀ nítorí àlejò wà. Ṣemílóore ní níbi iṣẹ́ rẹ, ẹ̀rọ ló ń gbé ọ gun òkè, o kì í gun àtẹ̀gùn. Àwọn òyìnbó yẹn mọ̀ pé àwọn wà lókè. Èmi náà mọ̀ ọ́n nígbà tó yá. Ìwọ ni kò tíì mọ̀.

Nítorí náà, wá lọ́jọ́ Sátidé. N kò ní kí o má wá. Mú owó díẹ̀ dání fún páànù, nítorí ìjì tó ká ti Àyàndìran ṣí tèmi náà lápá ibi tí mo ń sùn, mú ìwọ̀nba tó bá wà lọ́wọ́ rẹ, kí o sì ra ẹran fún wa. Ọlọ́run á fi èrè sí iṣẹ́ rẹ, ọmọ rẹ á gbàwé ẹ̀rí, ìyàwó rẹ kò ní sunkún mọ́, o kò ní kú kí n tó kú.

Gbé mọ́tò rẹ sílẹ̀ níbi tí ọ̀dà parí sí. Wọ bàtà tó ṣeé rìn, má wọ èyí tó ń dán. N ó ti dúró dè ọ́ níbẹ̀, a ó sì jọ rìn wá sí abúlé, òkè tó wà lọ́nà kò ju ọ̀kan lọ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wá ibi jókòó nínú àwa méjèèjì ni yóò tẹ̀lé ẹnì kejì lọ gbé ilé rẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ,
Kùdírátù.